Táyà Tín-ín-rín Lórí Ríìmù Fífẹ̀

Ẹ má wulẹ̀ bi mí pé kí ló wúlò fún. Gbogbo ènìyàn ló ti bi mí ní ìbéèrè yẹn. Bàbá mi bi mí, aládùúgbò wa tó ń wa takisí bi mí, wẹ́dà tí mo gbé iṣẹ́ náà fún bi mí kó tó tan iná rẹ̀, títí kan sójà tó mú kòbókò lọ́wọ́. N kò fún ẹnikẹ́ni lésì, torí n kò ní èsì kankan. Mo fẹ́ kí ẹsẹ̀ mọ́tò mi fẹ̀, kí táyà rẹ̀ sì nà tantan lórí ẹsẹ̀ náà. Mo ṣe é, ó sì rí bí mo ṣe fẹ́ kó rí.

Mọ́tò náà, Ìjàpá ni, mọ́tò kékeré elẹ́yìn róbótó tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà níbi tí búùtù àwọn mọ́tò yòókù máa ń wà. Bàbá mi ló rà á nígbà tó ṣì jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ìsàlẹ̀ Èkó náà ni wọ́n ti bí i, ibẹ̀ ló ti kéú, ibẹ̀ ló sì ti gbé ìyá mi níyàwó kí wọ́n tó kó wá sí Ṣómólú. Nígbà tí ìyá mi kú, tí àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti lọ sílé ọkọ, èmi àti òun nìkan ló ṣẹ́ kù nínú ilé.

Lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba, wọ́n kéde lórí rédíò pé kí àwọn òṣìṣẹ́ tí kò wúlò mọ́ máa lọ sílé lójú ẹsẹ̀. Bàbá mi gbọ́ ìkéde náà nílé, ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ síbi iṣẹ́ bíi ti àtẹ̀yìnwá. Nígbà tó dé ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ife tíì rẹ̀ àti tìmùtìmù tó máa ń fi sórí àga ló wà nínú àpò tó gbé lọ́wọ́. Ó fọ ife náà, ó gbé tìmùtìmù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò sì dárúkọ ọ́fíìsì mọ́. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó wù mí kó bú wọn.

Láti ọjọ́ náà ló ti di ẹni tí kì í sọ̀rọ̀. Bí mo bá kí i láàárọ̀, á dáhùn. Bí mo bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á ní Ọlọ́run á bù sí i. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú rẹ̀ ò sì ríran jìnnà mọ́, nítorí náà ó gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lé mi lọ́wọ́, ó ní tèmi ni, ṣùgbọ́n kí n máa fi gbé òun lọ kírun Jímọ̀ọ̀ ní mọ́ṣáláṣí Ìsàlẹ̀ Èkó tí wọ́n ti kọ́ òun ní àlífáà. Mọ́ṣáláṣí pọ̀ ní Ṣómólú o. Ẹ bá mi sọ fún un.

Ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ nìkan ni bàbá mi ń jí bí ẹni tó ní ibi tó ń lọ. Á se sítáàṣì fúnra rẹ̀, á ti agbádá funfun bọ̀ ọ́, á sá a, á wá fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́ títí aṣọ náà á fi lè dá dúró láìsí ẹni tó wọ̀ ọ́. Kódà lásìkò tí a ń tò fún ọṣẹ, tí a sì ń fi ìdajì ẹyọ ọṣẹ kan fọ aṣọ odidi oṣù, agbádá Jímọ̀ọ̀ kò dọ̀tí rí. Bó bá wọ inú mọ́tò, kì í fara ti àga kí aṣọ má baà rún. Bí a bá sì ti kúrò ní Ṣómólú báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Á sọ ẹni tó kọ́ ilé yìí, ẹni tó bá a jà sí i, ibi tí wọ́n ti máa ń ta àkàrà tó dùn nígbà tí òun wà ní kékeré. Inú mọ́tò yẹn nìkan ni mo ti ń rí bàbá mi bí mo ṣe mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Mo fi gbogbo ọ̀sẹ̀ dúró de ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀.

Ní ti èmi, ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo ń ka ohun tí wọ́n bá tò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n bébà ti wọ́n. Ọjọ́ mìíràn wà tí a ó kàn jókòó yí ẹ̀rọ ká bí ẹni tó wá kí i. Oníbàárà kan ti gbé kàlẹ́ńdà òkè òkun kan wá pé ká fi ṣe àpẹẹrẹ, kò sì padà wá, bẹ́ẹ̀ ni kàlẹ́ńdà náà ṣe di tiwa lára ògiri. Àwòrán Ìjàpá kan wà nínú rẹ̀ tí ríìmù rẹ̀ fẹ̀ dé ibi tí ó fi yọ síta lábẹ́ fẹ́ńdà. Táyà tó wọ ríìmù yẹn kéré sí i. Wọ́n na etí táyà náà títí ó fi dagẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ lọ bá ríìmù, mọ́tò náà sì ba mọ́lẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fò. Mo wò ó lójoojúmọ́. Oṣù tó wà lójú ewé náà parí, n kò jẹ́ kí wọ́n ṣí i sí òmíràn.

Ẹ rántí bí ìgbà yẹn ṣe rí. Gbogbo nǹkan ló ń kéré. Búrẹ́dì kéré, ọṣẹ kéré, ìwé ìròyìn kò ju ewé mélòó kan lọ, ẹran inú ọbẹ̀ di ohun tí a ń fi ṣíbí wá. Ìjọba ní ká fún bẹ́líìtì wa mọ́ra. Bàbá mi ti fún tirẹ̀ dé ihò tó kẹ́yìn, ó wá fi ìṣó lu ihò mìíràn sí i. Nínú gbogbo fífún yìí, mo ní ohun kan ṣoṣo yóò fẹ̀ nínú ayé mi, ohun náà á sì wà níta níbi tí gbogbo ayé á ti rí i.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún aládùúgbò wa tó ń wa takisí, ó gbọ́wọ́ lé orí. Ọkùnrin yìí mọ mọ́tò, irọ́ kò sí níbẹ̀. Inú takisí ló ti hu ewú.

“Táyà kì í ṣe yẹtí o,” ó ní. “Táyà ló yẹ kó gbé kòtò mì. Ríìmù ò gbọ́dọ̀ fojú kan kòtò rárá. Tó o bá na táyà báyẹn, ríìmù á yọ etí síta, gọ́tà àkọ́kọ́ tó o bá kàn á ká a kò. Àti pé ìdí á máa dùn ẹ́. Ọmọge, ọkọ ló yẹ kó o máa wá, kì í ṣe ríìmù!”

“Ẹ̀gbọ́n,” mo ní, “ọkọ á bá èmi àti ríìmù mi níbí.”

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí: òtítọ́ ni gbogbo ohun tí ọkùnrin náà sọ. Mọ́tò náà kò sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò dì mọ́ ilẹ̀ lọ́nà tó lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ní ojú ọ̀nà Pẹ́dúrò. N kò bá a jiyàn rẹ̀ nígbà náà, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn rẹ̀ nísinsìnyí. Ohun tó ń ṣe mí ni pé gbogbo ohun tí a ń rà, tí a ń jẹ, tí a ń wọ̀ nígbà yẹn, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ohun tó wúlò fún, ó sì ti sú mi.

Ẹnu bàbá mi ni ọ̀rọ̀ náà ti le jù. Ó gbọ́ ọ lẹ́nu onítakisí, ó pè mí sí pálọ̀.

“Àwọn ènìyàn ń wá táyà tí wọ́n á fi lọ síbi iṣẹ́, ìwọ fẹ́ gé ríìmù tó dára sí wẹ́wẹ́. Kí ló wúlò fún?”

“Ó kàn wù mí ni, Bàbá.”

“Wọ́n á ní ọmọ mi ń ṣe yẹ̀yẹ́ láàárín ìgboro. Ọjọ́ tó o bá fi nǹkan yẹn sí mọ́tò, mi ò ní fẹsẹ̀ tẹ inú ẹ̀ mọ́.”

Inú bí mi. Mo ní, “Bàbá, ẹ̀yin náà ń fi sítáàṣì sí agbádá.”

Ó wò mí. Ó dìde, ó wọ yàrá lọ. Mo mọ̀ pé bàbá mi kì í sọ ohun tí kò ní ṣe. Bí mo bá ṣe ríìmù yìí, mo ti pàdánù ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀ọ̀, ìyẹn nìkan sì ni mo ní lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò ó dáadáa. Ní ọjọ́ kejì mo gbé àwọn ríìmù àlòkù lọ sí ọ̀dọ̀ wẹ́dà kan ní Ladi-Lak.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wẹ́dà á gé ríìmù méjì, á mú apá tó fẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, á fi irin pẹlẹbẹ sáàárín, á jó wọn pọ̀ di ẹyọ kan. Á wá gbé e sínú bàsíà omi láti wò bóyá ó ń mí afẹ́fẹ́ síta. Bó bá ń mí, á tún un jó. Iná ọba kì í dúró, nítorí náà ó ṣe é títí tí mo fi rò pé ọmọ mi ni yóò wá gbà á. Nígbà tó gbé wọn fún mi, tó ti kùn wọ́n ní ọ̀dà dúdú, mo gbé ọ̀kan mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ ìkókó. Wẹ́dà rẹ́rìn-ín mi, mo jẹ́ kó rẹ́rìn-ín.

Fọkanáísà tó bá mi fi táyà sí i, ọmọ Ìlàjẹ ni láti etí ọ̀sà Bàrígà. Ìdílé apẹja ni, ó sá fún ọkọ̀ ojú omi torí pé èébì máa ń gbé e, ó wá ń lẹ táyà ní ẹ̀gbẹ́ ilé wa. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Bí kò bá ń kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń fọ́nnu. Ó ní kò sí táyà tí ọwọ́ òun kò ká. Ó mú okùn àwọ̀n bàbá rẹ̀ wá, ó wé e mọ́ àárín táyà yípo, ó ki igi bọ okùn náà, ó ń lọ́ ọ. Bí okùn ṣe ń fún àárín táyà ni etí rẹ̀ ń ṣí sọ́tùn-ún sósì. Ó fi ọṣẹ dúdú pa etí méjèèjì, ó ń pọ́ǹpù. Táyà ké, ó dákẹ́, etí rẹ̀ sì fò sí ibi tó yẹ kó wà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe àwọn ti iwájú, pẹ̀lú túùbù nínú. Nígbà tó fẹ́ ṣe ti ẹ̀yìn, túùbù kò sí mọ́. Gbogbo èyí tí a rí lọ́jà, alẹ̀mọ́ lórí alẹ̀mọ́ ni. Ó ní kí n fún òun ní ààyè láti ronú.

Bí mo ṣe wa mọ́tò yẹn káàkiri nìyẹn, iwájú gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀yìn tín-ín-rín. Gbogbo òkúta tó wà láti Ṣómólú dé Ọbaníkòró ni ìdí mi mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Onítakisí á rí mi, á fi ọwọ́ bo ojú.

Ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ dé. Bàbá mi wọ agbádá, ó dé fìlà, ó kọjá lára mọ́tò bí ẹni tó kọjá lára òpó iná, ó lọ wọ bọ́ọ̀sì ní Ọbaníkòró. Mo wa mọ́tò tẹ̀ lé e, mo rọra ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. “Bàbá, ẹ wọlé.” Ó kọjú sí òdìkejì títì. Mo tún pè é. Obìnrin kan tó ń dúró de bọ́ọ̀sì ní, “Ìwọ ọmọ yìí, kí lo fi ṣe bàbá ẹ?” Mo wa mọ́tò mi kúrò níbẹ̀ kí n má baà bú obìnrin náà.

Nígbà tó dé, agbádá ti rún bí ewé tí wọ́n fi di mọ́ínmọ́ín. Epo pupa wà ní èjìká rẹ̀, ẹlépo kan ti gbá a mú nígbà tí bọ́ọ̀sì fẹ́ yí. Ó jókòó sí àgbàlá, ó ń fi ọṣẹ tí kò tó nǹkan fọ ojú ibẹ̀. Ó dùn mí. Ó dùn mí débi pé mo gbé jáàkì jáde, mo ti ń tú nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ iwájú. Mo dá ọwọ́ dúró. Mo rò ó pé ohun gbogbo tí wọ́n ti gbà lọ́wọ́ wa nínú ilé yìí, a kàn ń gbé e fún wọn ni. Bàbá mi gbé ọ́fíìsì rẹ̀ fún wọn pẹ̀lú ẹnu dídì. Bí èmi náà bá yọ táyà tí mo fẹ́ràn yìí, n kò ní dáwọ́ yíyọ nǹkan dúró láéláé. Mo dè é padà. Jímọ̀ọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún lọ wọ bọ́ọ̀sì.

Ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ kẹta ni fọkanáísà wá ránṣẹ́ sí mi pé òun ti rí ọgbọ́n dá sí ti ẹ̀yìn. Bébà kò sí níbi iṣẹ́ wa, nítorí náà ilé ni mo wà. Ó ní a ò nílò túùbù rárá. Ríìmù wẹ́dà kò mí, òun á da pẹtiróòlù díẹ̀ sínú táyà, òun á ṣá iná sí i, iná náà á fẹ́ etí táyà gbà síbi rẹ̀. Ó ní òun ti rí i níbi tí wọ́n ti ṣe é. Mo bi í bóyá òun fúnra rẹ̀ ti ṣe é rí. Ó bẹ̀rẹ̀ orin ṣọ́ọ̀ṣì.

Ó fi jáàkì gbé ẹ̀yìn mọ́tò, ó yọ àwọn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ó tẹ́ ríìmù àkọ́kọ́ sílẹ̀ lójú títì. Ó bu pẹtiróòlù sí i, ó ju ìṣáná. Gbòlà! Táyà náà fò sókè, ó sì jókòó sórí ríìmù bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Mo pàtẹ́wọ́. Ó bu ti ìkejì, ọwọ́ ayọ̀ sì wúwo, ó bù ú jù. Gbò-là! Ilẹ̀ mì. Páànù orí ilé ìgẹrun tó kọjú sí wa dún jìnwìn. Nígbà tí èéfín lọ, táyà ti wọlé, irun ìpéǹpéjú ọ̀gbẹ́ni náà ti ku apá kan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá dojú rú ni pé ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni iná ọba lọ. Rédíò onígẹrun, tó ti ń pariwo láti àárọ̀, dákẹ́ wẹ́lo. Ní ìgbà yẹn, ẹ̀yin ènìyàn mi, bí ìbọn bá dún tí rédíò sì dákẹ́, ìtumọ̀ kan ṣoṣo ló ní. Onítakisí fò jáde láti inú takisí rẹ̀.

“Wọ́n ti tún gba ìjọba o! Ẹ wọlé! Rédíò ti kú!”

Kí n tó la ẹnu, àdúgbò ti ṣófo. Oníbúrẹ́dì fi àtẹ rẹ̀ sílẹ̀, ó padà wá gbé e, ó tún fi sílẹ̀. Onígẹrun ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó ti fá ìdajì orí rẹ̀. Ojú fèrèsé gbogbo ń pa dé, gbà, gbà, gbà, láti ọ̀dọ̀ wa títí dé ojú ọ̀nà Pẹ́dúrò. Èmi àti fọkanáísà nìkan ló wà lójú títì, à ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Ẹ̀rín náà gbẹ nígbà tí Land Rover àwọn sójà yọ. Ojú títì Ìkòròdú ni wọ́n máa ń wà, wọ́n rí àwọn tó ń sá, wọ́n wá wo ohun tó ń lé wọn. Ọ̀gá wọn bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú kòbókò lọ́wọ́.

“Na who fire?”

“Kò sí ẹni tó yìnbọn,” mo ní. “Táyà ni.”

Ó wo ẹsẹ̀ fífẹ̀ iwájú, ó wo èyí tó wà nílẹ̀, ó fi bàtà ta á. “Wetin be dis nonsense? Wetin e dey do?” Ó ní kí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kó táyà náà sínú Land Rover, kí wọ́n sì kó fọkanáísà pẹ̀lú. Ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi ti kúnlẹ̀, kò rí orin kankan kọ.

N kò mọ ohun tó gbé mi. Mo lọ jókòó lé orí táyà náà. Ó ṣì gbóná. Mo ní, “Ẹ gbé èmi náà pọ̀ mọ́ ọn.” Ẹ̀rù ń bà mí, n kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n n kò ní dìde. Sójà náà gbé kòbókò sókè.

Ìgbà náà ni mo rí bàbá mi. Ní gbogbo òpópónà tó ṣófo yẹn, òun nìkan ló ń rìn bọ̀ láti ilé, funfun báláú, agbádá rẹ̀ ń dún bí bébà tuntun. Ó ti gbọ́ ìró náà, ó ti gbọ́ pé wọ́n gba ìjọba, ìrun Jímọ̀ọ̀ ló ń lọ kí. Sójà náà rí i, ó rọra sọ ọwọ́ kalẹ̀, èdè rẹ̀ sì yí padà sí Yorùbá.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́.”

Bàbá mi kò yà. Ó dúró síwájú rẹ̀.

“Ẹ̀yin lẹ ni mọ́tò yìí, Bàbá?”

“Èmi ni mo ni mọ́tò. Èmi ni mo bí ọmọ tó jókòó sílẹ̀ yẹn.”

“Kí ni irú nǹkan báyìí wúlò fún?”

Mo gbé ojú sókè. Ìbéèrè bàbá mi fúnra rẹ̀ ni. Mo dúró kó dá mi lẹ́bi, kó ní òun ti kìlọ̀ fún mi.

“Kò wúlò fún nǹkan kan,” bàbá mi ní. “Èmi náà, wọ́n ní mi ò wúlò mọ́. Orí rédíò ni wọ́n ti sọ ọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń dúró de ẹnì kan tó máa wá sọ ọ́ lójú mi. Sọ ọ́.”

Sójà náà wo ilẹ̀, ó wo àwọn ọmọ rẹ̀. Bàbá mi dúró títí ó fi dá a lójú pé kò ní sọ ọ́. Ó wá rìn lọ sídìí mọ́tò, ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó ká agbádá rẹ̀ mọ́ra, ó wọlé, ó jókòó. Orí jáàkì ni ẹ̀yìn mọ́tò ṣì wà o. Bàbá mi dagẹ̀rẹ̀ síwájú nínú àga náà, ó di ojú fèrèsé mú, ó ní:

“Kí lẹ̀ ń wò? Ẹ de ẹsẹ̀ mọ́tò. Ìrun ń lọ.”

Bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ, iná ọba dé. Rédíò onígẹrun ta kìjí, ó ń polówó ọṣẹ tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí rà lọ́jà. Ojú fèrèsé kan ṣí. Òmíràn ṣí. Ẹni tó fá ìdajì orí yọjú. Onítakisí jáde wá, ó ń ṣe bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù sílẹ̀. Sójà náà pòṣé, ó gbé gálọ́ọ̀nù pẹtiróòlù fọkanáísà, ó gbé e sínú Land Rover, wọ́n sì fi àwa àti táyà sílẹ̀ lọ. Onítakisí ló kọ́kọ́ mú sípánà. Kò sọ̀rọ̀ yẹtí ní ọjọ́ yẹn. Ó bá wa de gbogbo nọ́ọ̀tì, ó sì gbá ọwọ́ lé òrùlé mọ́tò pé kí n máa lọ.

Kòtò àkọ́kọ́ tí a kàn gbé wa sókè, ó sì jù wá sílẹ̀. Fìlà bàbá mi yí sí iwájú orí. Ó tún un ṣe.

“Ó le,” ó ní.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“Ó le gan-an.”

Bí ó bá ní kí n yọ ọ́ nígbà yẹn, n kò mọ ohun tí ǹ bá ṣe. Ní Ọbaníkòró, àwọn tó ń dúró de bọ́ọ̀sì ń wo mọ́tò wa, ẹnì kan ń nàka sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàbá mi yí fèrèsé wálẹ̀. Ó na ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbá apá agbádá kúrò lójú fèrèsé kí wọ́n lè rí òun dáadáa.

“Rọra wà á,” ó ní. “Wọ́n ń wò wá.”

Mo rọra wà á. Nígbà tí a dé orí afárá tó wọ Ìsàlẹ̀ Èkó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Kò sọ̀rọ̀ ilé tàbí àkàrà. Ó sọ nípa ọ́fíìsì, bí ọjọ́ tó kó ẹrù rẹ̀ ṣe rí, ẹni tó kọ̀ láti wo ojú rẹ̀, ẹni tó sin ín dé ẹnu ọ̀nà. Ó bú wọn. Ó bú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ bàbá wọn, títí a fi dé ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, ó wá ní kí n fún òun ní omi kí òun fi yọ ẹnu kí òun tó wọlé.

Ríìmù náà ká kò bí onítakisí ṣe sọ. A gbé e padà sí ọ̀dọ̀ wẹ́dà ní Ladi-Lak, ó tún un ṣe, ó tún ká, a tún un ṣe. N kò yọ ọ́. Ní Jímọ̀ọ̀ tó tẹ̀ lé ti àwọn sójà, mo ti tan mọ́tò sílẹ̀, mo ń dúró. Bàbá mi pẹ́ kó tó jáde. Nígbà tó yọ, ó di nǹkan mọ́ abẹ́ agbádá rẹ̀. Tìmùtìmù ọ́fíìsì rẹ̀ ni. Ó gbọn eruku abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kúrò lára rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí àga iwájú, ó jókòó lé e, ó sì ti ilẹ̀kùn.